Ẹni Tí Ò Ń Bá Díje Ló Máa Gbé Ọ̀pá Lé Ọ Lọ́wọ́

Nígbà ìsinmi tó kọjá tí mo lọ sílé ní Ìjàrẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ọmọ ọdún 12 ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé, ó sì yára padà sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò, torí pé fóònù ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀, kàtúùnù sì ń lọ lórí ẹ̀. Kàtúùnù ọkọ̀ ìje ni. Mo yọjú wò ó, mo rí i pé Speed Racer ni, èyí tí àwọn ará Japan ṣe lọ́dún 1967. Apá 52 ló ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó rí á rántí ọkọ̀ funfun yẹn, Mach 5, àti ìnàkí kékeré tó máa ń sá pamọ́ sínú búùtù.

Mo jókòó tì í. Ó ṣe díẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè kan láìgbé ojú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó bojú yìí, Racer X, gbogbo ìgbà ló máa ń fẹ́ ṣíwájú Speed. Àmọ́ tí ewu bá dé bá Speed, òun náà ló máa ń gbà á sílẹ̀. Ṣé ọ̀tá ẹ̀ ni àbí ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni: Rex, àkọ́bí ilé wọn, ló fi ọkọ̀ tí bàbá wọn ṣe ní jàǹbá lójú ìje, òun àti bàbá wá jà, ó bínú kúrò nílé, ó sì padà sórí pápá pẹ̀lú ìbòjú. Àbúrò ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́. Kò dáa kéèyàn máa sọ ìdí eré fún ẹni tó ṣì ń wò ó, mo sì tún rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ń sọ ju ti kàtúùnù lọ.

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níléèwé?"

Ó bá tú u sílẹ̀. Tíṣà tó ń bójú tó eré ìdárayá ti yan ọmọ mẹ́rin tó máa sá ríléè fún iléèwé wọn ní Àkúrẹ́, ríléè mítà 100 lọ́nà mẹ́rin. Òun ni ìkẹrin, ẹni tó máa parí ẹ̀. Ìkẹta, ìyẹn ẹni tó máa gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́, ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n ti jọ wà láti pírámárì. Àmọ́ ọ̀rẹ́ yìí náà ló nà án nínú mítà 100 nígbà inter-house. Díẹ̀ báyìí ló fi nà án. Àwọn ọmọ kíláàsì wá fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rẹ́ yẹn náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Mi ò sá a mọ́," ló wí. "Kí wọ́n wá ẹlòmíì."

Mi ò bá a wí. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ níwájú. Ìbéèrè ẹ̀ ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò lónìí: ẹni tó ò ń bá díje, ṣé ó lè jẹ́ ẹni tó o fọkàn tán? Tó bá sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ó tiẹ̀ wúlò fún eré sísá, àbí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú èdè wa. Ta là ń pè ní orogún? Obìnrin tí òun àti ẹlòmíì jọ fẹ́ ọkọ kan náà ni, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan, tí wọ́n jọ ń pọn omi odò kan. Àjèjì kì í ṣe orogún ẹni. Àwọn tó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa ti rí nǹkan kan tí ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbè lẹ́yìn.

Gavin Kilduff, olùkọ́ ní Yunifásítì New York, lọ tú àkọsílẹ̀ eré ìje ẹgbẹ́ asáré kan fún ọdún 6. Àbọ̀ ìwádìí ẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Ó rí i pé ohun tó ń sọ èèyàn méjì di abánidíje ara wọn kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n jọra, bí i ní ọjọ́ orí, kí wọ́n máa pàdé léraléra lórí pápá, kí ìyàtọ̀ àárín wọn sì kéré. Ẹni tó máa ń jìnnà sí ọ níwájú kì í bí ọ nínú. Ẹni tó fi imú ṣíwájú rẹ ni ò ní jẹ́ kó o sùn. Bẹ́ẹ̀, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìje, asáré máa ń yára sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Lórí kìlómítà 5, ìṣẹ́jú àáyá 25 nìyẹn. Kò mu oògùn, kò ra bàtà olówó ńlá. Ojú ẹnì kan péré ló rí.

Ẹ wo Speed àti Racer X báyìí. Bàbá kan ló bí wọn, wọ́n jọ ń pàdé ní gbogbo ìje, agbára wọn ò sì jìnnà síra. Bí Kilduff bá ní kí wọ́n ya àwòrán ohun tó ń sọ, kò lè rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn: ọgbà kan, kíláàsì kan, ìyàtọ̀ tí kò tó ìka mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1898, Norman Triplett ní Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje máa ń yára tí wọ́n bá jọ ń gùn ún ju tí ẹnì kan bá dá gùn ún lọ. Ó wá kó ọmọdé 40 jọ, ó ní kí wọ́n máa yí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ká okùn ìpẹja. Nígbà míì, ọmọ kan á dá yí i. Nígbà míì, méjì á jọ yí i. Ìdajì àwọn ọmọ náà, 20, ló yára sí i nígbà tí ẹnì kejì wà níbẹ̀. Mẹ́wàá ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ṣe ni wọ́n bà á jẹ́. Ara wọn le gan-gan, ọwọ́ wọn ò já geere mọ́, wọ́n fẹ́ borí débi pé wọn ò lè borí. Àwọn tó máa ń ròyìn iṣẹ́ Triplett kì í sábà dárúkọ mẹ́wàá yìí. Èmi ò lè gbàgbé wọn, torí mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa.

Ẹni tó bá ti ṣe àáró rí ò ní sọ pé ìwádìí yìí ya òun lẹ́nu. Lágbègbè wa tí iṣu ti jẹ́ iṣu, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá jọ ń kọ ebè nínú oko ẹnì kan, oníkálukú ló máa mú poro tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ká díje. Àmọ́ ẹ wò wọ́n tó bá di bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀: ẹni tó wà lápá ọ̀tún á yọjú wo ebè ẹni tó wà lápá òsì, ọkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ẹ̀fẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ní ebè ẹnì kejì dà bí ìtẹ́ adìẹ. Oko ẹni tí wọ́n ń ṣe ló jèrè. Lọ́la, wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíì. Ìdíje tó wà nínú àáró ò ba àáró jẹ́, òun gan-an ló ń mú kí iṣẹ́ ọjọ́ méjì parí lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tí agbára ẹ̀ kéré? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ Otto Köhler jù lọ. Ara Jámánì ni. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ó lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ atukọ̀ kan ní ìlú Berlin, ó ní kí oníkálukú máa fi apá gbé irin tó wúwo kílò 44 títí tí ó fi máa rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ó fún wọn ní irin kílò 88 kí wọ́n jọ máa gbé e. Ẹ rò ó wò: tí aláìlágbára nínú àwọn méjèèjì bá jọ̀wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ti parí, torí alágbára ò lè dá gbé kílò 88. Ohun tí Köhler rí ni pé aláìlágbára pẹ́ lórí ẹ̀ ju ìgbà tó ń dá gbé tiẹ̀ lọ. Kò fẹ́ kó jẹ́ òun lọ́wọ́ òun ni iṣẹ́ ti máa bà jẹ́.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Tí agbára àwọn méjèèjì bá dọ́gba pátápátá, èrè ẹ̀ kéré. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù, tí ẹnì kan jẹ́ òmìrán tí ẹnì kejì sì jẹ́ ẹlẹ́gẹ́, èrè ẹ̀ tún kéré. Ẹlẹ́gẹ́ ti mọ̀ pé asán ni. Ibi tí ìyàtọ̀ ti wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ ni ẹlẹgbẹ́ tó dáa jù fún ọ. Ẹni yẹn kan náà sì ni Kilduff ní á máa bí ọ nínú jù! Mi ò mọ bí ẹ ṣe rí i, àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ìwádìí méjèèjì yìí wé ara wọn, mo rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí pápá, torí ríléè ni ibi tí ìbínú àti ìfọkàntán ti gbọ́dọ̀ jọ gbé inú ara kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. (Eré ọ̀pá ni bàbá mi àgbà máa ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní eré ọlọ́pàá.)

Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ọmọ Nàìjíríà méjì ló wọ àṣekágbá mítà 100 àwọn ọkùnrin: Olapade Adeniken, ọmọ Òṣogbo, àti Davidson Ezinwa. Àwọn mẹ́jọ tó yára jù lágbàáyé, méjì jẹ́ tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wá bó ṣe máa ṣíwájú ẹnì kejì. Adeniken ṣe ipò kẹfà, ìṣẹ́jú àáyá 10.12. Ezinwa ṣe ipò kẹjọ, 10.26. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn méjì yìí tún wà lórí pápá kan náà, ọ̀tẹ̀ yìí pẹ̀lú Oluyemi Kayode àti Chidi Imoh. Kayode bẹ̀rẹ̀, Imoh gbà á, Adeniken sá ìkẹta, ó sì gbé ọ̀pá lé Ezinwa lọ́wọ́. Fàdákà ni wọ́n gbà, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 37.98. Cuba tó ṣe ipò kẹta ṣe 38.00. Ìṣẹ́jú àáyá 0.02 ló wà láàárín wọn. Ẹni tó ń sáré bí ọta ìbọn lórí ríléè máa ń gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 nínú 0.02 yẹn. Kò tó gígùn bàtà àgbàlagbà kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín 37.98 sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ máa rí 9.495. Bẹ́ẹ̀ Linford Christie, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gba wúrà mítà 100 lọ́dún yẹn, 9.96 ló ṣe. Ṣé àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yára ju Christie lọ ni? Rárá o. Ẹni tó ń sá mítà 100 lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, ara ò tíì gbé e, ó sì ń ná àkókò kó tó dé ojú ìwọ̀n eré ẹ̀. Nínú ríléè, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ń san owó yẹn. Àwọn mẹ́ta tó kù ti ń sáré kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ wọn. Ìyẹn ni pé ọ̀pá ló ń díje, kì í ṣe èèyàn. Tí ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ bá nà síwájú, tí ọwọ́ ẹni tó ń lọ nà sẹ́yìn, ọ̀pá tún fò kọjá bíi mítà kan tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sá.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá ò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn nígbà tó bá ti gbéra. Tó bá wẹ̀yìn, eré ẹ̀ á rọ̀. Nítorí náà, ó máa ń fi àmì sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ara ẹ̀. Kó tó gbéra, ó lè máa wo àmì yẹn lábẹ́ apá ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kejì bá ti kan àmì, ó ń lọ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀, láìtún wẹ̀yìn mọ́. Á gbọ́ ohùn kan, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á retí. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí láàárín mítà 30 tí wọ́n là sílẹ̀. Kí òfin tó yí padà níparí ọdún 2017, mítà 20 ni.

Tó bá gbéra ní ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú àkókò, ẹni tó ń bọ̀ tó ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ṣẹ́kù sẹ́yìn ní mítà 2. Ọwọ́ ò lè dé ibẹ̀. Tó bá ṣiyè méjì díẹ̀, tó ń rò ó pé, "Ṣé ó máa dé lóòótọ́?", ẹni tó ń bọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú lẹ́yìn, eré àwọn méjèèjì á sì kú. Ìfọkàntán tí mò ń sọ yìí, sẹ̀ǹtímítà la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ríléè mítà 400 lọ́nà mẹ́rin yàtọ̀ díẹ̀. Nínú tìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ ti rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí òpó, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ gbà á fi máa ń wẹ̀yìn, tó sì máa ń gba ọ̀pá náà bí ẹni gba ẹrù lórí arúgbó. Ní Atlanta lọ́dún 1996, Falilat Ogunkoya àti Fatima Yusuf jọ wọ àṣekágbá mítà 400 ní ọjọ́ 29 oṣù Keje. Ogunkoya gba bàbà, 49.10, Yusuf ṣe ipò kẹfà, 49.77. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà fún ríléè pẹ̀lú Bisi Afolabi àti Charity Opara. Ogunkoya ló parí ẹ̀. Ó lé Jearl Miles ará Amẹ́ríkà, ẹni tó ti nà ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, títí dé ìlà. Amẹ́ríkà 3:20.91, Nàìjíríà 3:21.04. Bíi mítà kan péré. Fàdákà ni wa.

Ìtàn tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jù lọ ni ti Beijing, 2008. Nínú mítà 100 àwọn obìnrin, ọmọ Jamaica mẹ́ta ló kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ: Shelly-Ann Fraser gba wúrà, Sherone Simpson àti Kerron Stewart sì wọlé pọ̀ ní 10.98, ìṣẹ́jú àáyá kan náà géérégé, débi pé fàdákà méjì ni wọ́n fún wọn. Nàìjíríà ò ní ẹnì kankan nínú àṣekágbá yẹn. Nígbà tí àṣekágbá ríléè wá dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, ta ni ì bá fi owó ẹ̀ sí ẹ̀yìn Nàìjíríà? Jamaica ló ní àwọn mẹ́ta tó yára jù láyé. Fraser gbé ọ̀pá fún Simpson. Simpson sáré lọ bá Stewart. Ọ̀pá ò kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn méjì tí aago ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn ò rí ara wọn mú.

Mi ò sọ pé wọ́n ń jà o. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé eré ẹsẹ̀ nìkan ò lè gbé ọ̀pá kọjá. Amẹ́ríkà náà, ọkùnrin àti obìnrin, ti sọ ọ̀pá nù ní ọjọ́ kan ṣáájú, wọn ò tiẹ̀ dé àṣekágbá. Àwọn obìnrin tiwa, Franca Idoko, Gloria Kemasuode, Halimat Ismaila àti Oludamola Osayomi, ọmọ Iléṣà níbí yìí, fi 43.04 gbé ọ̀pá wọn délé. Bàbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Lọ́dún 2016, wọ́n gba wúrà kúrò lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nítorí oògùn olóró, ìyẹn sì sọ bàbà tiwa di fàdákà, fún àwọn mẹ́rin yìí àti Agnes Osazuwa tó sá ìpele àkọ́kọ́.

Ọmọ yẹn dákẹ́. Ó ní, "Ṣé àwọn ará Nàìjíríà yẹn jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí àmì wọn wà.

Ó wá kù sí tèmi. Èmi náà sá ríléè nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìkẹrin ni mí, ìkẹta ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹ gàárì nínú abọ́ kan. Òun náà ló máa ń nà mí nínú mítà 100. A lọ díje ní Àkúrẹ́. A wà ní ipò kejì nígbà tí ọ̀pá dé ọwọ́ ẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀ lórí kọ́nà, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n dìde, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé òní ni wọ́n máa rí i pé èmi gan-an ni mo yára jù. Kò tíì dé ibi àmì tí mo fi gbéra. Bóyá ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni. Ní ọjọ́ orí wa nígbà yẹn, ìyẹn tó mítà mẹ́rin. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń pè mí, ohùn náà ò sún mọ́ mi. Mo gbọ́ ọ̀pá tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí ò lè gbàgbé ẹ̀.

Kò bú mi. Ohun tó sọ ò ju, "O ò dúró dè mí." Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, ó lọ jókòó síwájú, èmi jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, ó lọ sí Èkó. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Tá a bá pàdé níbi ìnáwó, a máa ń kíra, a máa ń bi ara wa léèrè ọmọ. A ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́wàá Triplett tó ba tiẹ̀ jẹ́ nítorí pé ẹnì kejì wà níbẹ̀, èmi nìyẹn.

Ìdí tí mi ò fi sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó kọ́kọ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìyí. Ìwádìí kan wà tó kọ́ mi lọ́gbọ́n lórí ìyẹn. Lọ́dún 1954, Muzafer Sherif àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ọmọkùnrin 22 tí wọ́n tó bíi ọdún 11 lọ sí àgọ́ ìsinmi kan ní Oklahoma, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n sì fi ìdíje kó wọn síra, títí kan fífa okùn. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ di ìjà: wọ́n ń sun àsíá ara wọn, wọ́n ń ya wọ yàrá ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú kí wọ́n kàn jọ jẹun, kí wọ́n jọ wo fíìmù. Kò ṣiṣẹ́, oúnjẹ ni wọ́n ń jù lu ara wọn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan ò lè dá ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ gbé oúnjẹ wá kọ̀, kò ṣíná. Àwọn ọmọ náà lọ mú okùn, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀, gbogbo wọn sì jọ fà á. Okùn tí wọ́n fi bára wọn figagbága yẹn náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gé páìpù omi kan tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, mo mú ẹfun dání, a lọ sí pápá. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó wá. Mi ò sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún un. Ó dé, ó kí mi, ó rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú ẹ̀ yí padà. Mi ò dá sí i. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró, kó fi ẹsẹ̀ ka 15 sẹ́yìn, kó fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Mo ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, kó máa sáré bọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú lẹ́yìn. Mo dákẹ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ilẹ̀.

"Àmì yẹn ti sún mọ́ ọ jù," ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ wí, ó ń mí gúlegúle. "Sún un sẹ́yìn."

"Sí ẹsẹ̀ mélòó?"

"Fi méjì kún un."

Ó fi méjì kún un. Wọ́n tún un ṣe. Ó ṣì ń dí i lọ́nà. Wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ "Gbà!", ọwọ́ nà sẹ́yìn, páìpù náà bọ́ sí i láìdún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń sáré lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú igbó ẹ̀gẹ́ tó wà níparí pápá. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò dúró, ó ń lé e lọ, ó ń pariwo pé, "Mo ṣì yára jù ẹ́ lọ!"

Mo ti fi fóònù ya ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ní fídíò. Nígbà tó di alẹ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá nọ́ńbà kan jáde, mo sì fi ránṣẹ́ sí Èkó láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èsì fi dé.

"Ẹni ìkẹrin yẹn ṣì ń tètè gbéra díẹ̀. Sọ fún un kó dúró kí ẹsẹ̀ kan àmì. Ọmọ ta ni?"

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó ní, "Mo ti mọ̀."